Oúnjẹ Ọ̀tọ̀ fún Èrò Ọ̀tọ̀: Àlàyé Lórí Ilé Oúnjẹ Àwọn Èrò Yàrá Suite Nínú Ọkọ̀ Òkun Ìgbafẹ́

Àṣamọ̀

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ òde òní, yàrá tí èrò sanwó fún ló ń sọ ibi tí yóò ti jẹun. Àwọn tó gba yàrá suite ní ilé oúnjẹ tiwọn, tí èrò mìíràn kò lè wọ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, a ṣàlàyé bí ètò náà ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, bí ó ṣe padà wá, àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ mélòó kan. A fi hàn pé oúnjẹ fúnra rẹ̀ kọ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tí èrò ń rà níbẹ̀; àkókò, ìdánimọ̀ àti ìyàsọ́tọ̀ ni. A sì fi hàn pé ìyàtọ̀ yìí ní ààlà: ìmọ́tótó oúnjẹ àti ààbò ẹ̀mí kò sí lára ohun tí a lè pín sí ipò. A wá dá a lábàá pé kí àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ máa fi ààlà náà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, nítorí àwọn náà ni yóò dúró ti abọ́ oúnjẹ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ́la.

1.0 Ìfáárà

Ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ ni ọkọ̀ ńlá tí àwọn ènìyàn ń wọ̀ nítorí ìgbádùn ìrìn-àjò náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé wọ́n fẹ́ tètè dé ibì kan. Hòtẹ́ẹ̀lì alájà púpọ̀ tó ń rìn lórí omi ni. Èrò á sùn níbẹ̀, á jẹun níbẹ̀, á wòran níbẹ̀, á sì máa sọ̀ kalẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Gẹ́gẹ́ bí ti hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn yàrá inú rẹ̀ kò dọ́gba. Yàrá wà tí kò ní fèrèsé rárá nítorí pé àárín ọkọ̀ ló bọ́ sí. Òmíràn ní fèrèsé. Òmíràn ní bálíkónì tí ènìyàn lè jókòó sí kó máa wo òkun. Èyí tó ga jù ni suite, ìyẹn yàrá ńlá tó sábà máa ń ní ibi ìsùn lọ́tọ̀ àti ibi ìjókòó lọ́tọ̀. Òmíràn nínú wọn tóbi tó ilé tí odidi ìdílé ń gbé.

Oúnjẹ àwọn tó gba suite yìí ni pépà wa dá lé. Nínú púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà, ilé oúnjẹ kan wà tó jẹ́ tiwọn nìkan. Ẹni tó gba yàrá kékeré kò lè wọ ibẹ̀, kódà bí ó bá fẹ́ san owó lẹ́nu ọ̀nà. Ìbéèrè mẹ́ta ni a fẹ́ dáhùn. Èkíní, báwo ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀? Èkejì, kí ni èrò ń sanwó fún gan-an níbẹ̀? Ẹ̀kẹta, ibo ló yẹ kí ìyàtọ̀ náà dúró?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa lè béèrè pé kí ló kan kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn olówó orí òkun. Ọ̀nà méjì ló gbà kàn wá. Lọ́nà kìíní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń kọ́ ní ẹ̀ka Home Economics àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa òwò ni yóò lọ kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, ní ilé oúnjẹ, àti nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́nà kejì, gbogbo olùkọ́, ẹ̀kọ́ yòówù kó máa kọ́, ló máa ń bá ara rẹ̀ níbi tí a ti ń fún ọmọ ènìyàn lóúnjẹ. Bí ó bá ṣe lóye oúnjẹ ọ̀tọ̀ fún ẹni ọ̀tọ̀ ni yóò ṣe hùwà níbẹ̀.

2.0 Ìtàn Ètò Náà

2.1 Ìgbà tí ọkọ̀ jẹ́ onípò

Kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbòde, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn èrò fi ń kọjá òkun Àtìláńtíìkì. Ipò ni wọ́n pín wọn sí: ipò kìíní, ipò kejì àti ipò kẹta. Ìpín yìí kan ibùsùn, ó kan àjà tí èrò lè rìn lórí rẹ̀, ó kan àtẹ̀gùn tí wọ́n lè gbà, ó sì kan ibi ìjẹun. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àwọn èrò ipò kìíní fúnra wọn jọ ń jẹun nínú gbọ̀ngàn ńlá kan ni, ní àkókò tí ọkọ̀ bá dá fún wọn.

Ní 1905, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Hamburg-Amerika ti ilẹ̀ Jámánì mú nǹkan tuntun wọ inú ọkọ̀ wọn kan tó ń jẹ́ Amerika. Wọ́n ṣí ilé oúnjẹ kan síbẹ̀ tí wọ́n pè ní Ritz-Carlton, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ César Ritz, onílé ìtura tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Yúróòpù nígbà náà. Nínú ilé oúnjẹ yìí, èrò lè wá nígbà tó bá wù ú, kó yan ohun tó bá wù ú nínú ìwé oúnjẹ, kó sì san owó ohun tó jẹ lọ́tọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe tún ya ọlọ́lá sọ́tọ̀ láàárín àwọn ọlọ́lá.

Ọkọ̀ Titanic, tó gbéra ní Southampton ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹrin, 1912, tẹ̀lé àpẹẹrẹ yìí. Gbọ̀ngàn ìjẹun ipò kìíní wà lórí àjà D. Gbọ̀ngàn ipò kejì náà wà lórí àjà D, ilé ìdáná kan ṣoṣo ló sì wà láàárín àwọn méjèèjì, tó ń gbé oúnjẹ jáde síhìn-ín àti sọ́hùn-ún. Àwọn èrò ipò kẹta ń jẹun nísàlẹ̀, lórí àjà F, nídìí tábìlì gígùn. Lókè lọ́hùn-ún, lórí àjà B, ilé oúnjẹ kékeré kan tún wà fún àwọn èrò ipò kìíní tó bá fẹ́ san owó sí i. Luigi Gatti, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ló gba iṣẹ́ ibẹ̀, òun ló sì kó àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ wá, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Ítálì àti ará Faransé. Ibẹ̀ ni tọkọtaya Widener ti se àsè fún ọ̀gá ọkọ̀ náà ní alẹ́ ọjọ́ 14, wákàtí díẹ̀ kí ọkọ̀ tó forí gbá òkè yìnyín. A ó padà sí ọ̀rọ̀ Titanic ní ìsàlẹ̀, nítorí pé ẹ̀kọ́ tó tóbi jù nínú rẹ̀ kì í ṣe ti oúnjẹ.

2.2 Ọkọ̀ tó ń wá sí Èkó

Ètò onípò yìí kò ṣàjèjì sí àwọn bàbá wa. Ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ti Liverpool ní ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà àti èrò láàárín Liverpool àti Èkó. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, mẹ́ta tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ jù ni Accra, Apapa àti Aureol. Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, gba orúkọ rẹ̀ lára òkè Aureol ní Freetown, òkè tí Fourah Bay College wà. Àwa olùkọ́ kò jẹ́ gbàgbé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, nítorí pé Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kàwé níbẹ̀ ní 1827. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba láti Nàìjíríà ló wọ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìrìn-àjò tó ń gba bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú wọn náà, ipò kìíní ní ibi ìjẹun tirẹ̀, ipò tó wà nísàlẹ̀ sì ní tirẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹni ló ń sọ tábìlì ẹni. Iṣẹ́ kíkó èrò yìí parí ní 1974.

2.3 Ìgbà tí ipò fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá

Ní oṣù Kẹwàá, 1958, ọkọ̀ òfuurufú jẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò kọjá òkun Àtìláńtíìkì. Ìrìn-àjò tó ń gba ọjọ́ márùn-ún lórí omi di ti wákàtí mélòó kan. Àwọn ọkọ̀ ojú omi pàdánù èrò wọn. Èyí tó fẹ́ ṣẹ́kù nínú wọn ní láti yí padà sí ọkọ̀ ìgbafẹ́.

Àpẹẹrẹ tó hàn gbangba ni ti ọkọ̀ France. Ní 1962 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ipò méjì ló ní, ilé oúnjẹ rẹ̀ sì jẹ́ méjì: Chambord fún ipò kìíní, Versailles fún ipò kejì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ àwọn ará Norway rà á, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń jẹ́ Norway ní 1980, wọn kò wó ilé oúnjẹ kankan. Wọ́n kàn yí orúkọ padà ni, wọ́n sì ṣí méjèèjì sílẹ̀ fún gbogbo èrò. Gbọ̀ngàn tí ẹni tí kò sí ní ipò kìíní kò lè yọjú sí tẹ́lẹ̀ wá di ibi tí ẹnikẹ́ni lè jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ìgbà náà ṣe ń polówó ara wọn: ipò kan ṣoṣo ló wà. Yàrá lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ, eré àti àjà ọkọ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn.

2.4 Ìpadàbọ̀

Kí ló wá dá ìyàtọ̀ náà padà? Títóbi ọkọ̀ ni olórí ìdí. Oasis of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, gba èrò tó lé ní 5,400 bí ènìyàn méjì bá wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Icon of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, gba èrò tó lé ní 5,600 lọ́nà kan náà. Níbi tí èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìlà yóò wà níbi oúnjẹ, ariwo yóò wà, ìdúró yóò sì wà. Ẹni tó lówó lè sọ pé òun kò wá, kó lọ wọ ọkọ̀ kékeré tí èrò inú rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá kò fẹ́ pàdánù irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ya apá kan sọ́tọ̀ fún un: ìdákẹ́jẹ́ ọkọ̀ kékeré nínú ìgbòkègbodò ọkọ̀ ńlá. Ilé-iṣẹ́ MSC ṣe èyí nínú MSC Fantasia ní 2008, wọ́n sì pè é ní Yacht Club. Ilé-iṣẹ́ Norwegian Cruise Line pe tiwọn ní The Haven. Nínú irú apá ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ilé oúnjẹ, ibi ìjókòó àti odò ìwẹ̀ wà tó jẹ́ ti àwọn tó gba yàrá ibẹ̀ nìkan.

3.0 Bí Ètò Náà Ṣe Rí Lónìí

Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni a fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò dọ́gba.

Àkọ́kọ́ ni Cunard, ilé-iṣẹ́ tí kò fìgbà kan jáwọ́ pátápátá nínú àṣà àtijọ́. Nínú ọkọ̀ wọn Queen Mary 2, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní, 2004, orúkọ yàrá àti orúkọ ilé oúnjẹ so mọ́ ara wọn. Púpọ̀ nínú èrò ń jẹun ní Britannia Restaurant, gbọ̀ngàn alájà méjì tó gba ènìyàn tó lé ní 1,000 lẹ́ẹ̀kan náà, níbi tí oúnjẹ alẹ́ ti ń wáyé ní ìpele méjì: àwọn kan á kọ́kọ́ jẹ, àwọn kan á sì tẹ̀lé wọn. Apá kékeré kan tó ń jẹ́ Britannia Club wà fún àwọn tó gba oríṣi yàrá bálíkónì kan tó sàn díẹ̀. Ẹni tó gba suite kékeré ń jẹun ní Princess Grill. Ẹni tó gba suite ńlá ń jẹun ní Queens Grill. Àwọn Grill méjèèjì wà lórí àjà keje, ìkankan nínú wọn kò sì ju ibi tí bí igba ènìyàn lè jókòó sí. Èrò inú wọn ní tábìlì tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò dé òpin, ó sì lè wá nígbà tó bá wù ú láàárín àkókò oúnjẹ. Ẹni tó wà ní Queens Grill tún lè béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé oúnjẹ, bí ó bá ti sọ ọ́ ṣáájú.

Èkejì ni Celebrity Cruises. Ní 2015, wọ́n ṣí ilé oúnjẹ tí wọ́n pè ní Luminae fún gbogbo èrò tó gba suite. Kò sí Luminae kékeré àti Luminae ńlá: suite tó kéré jù àti èyí tó ga jù jọ ń jẹun pọ̀ ni, ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Owó oúnjẹ náà ti wà nínú owó yàrá. Ẹni tí kò gba suite kò ní ọ̀nà láti ra àyè níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Royal Caribbean. Àwọn pín suite fúnra rẹ̀ sí ìpele mẹ́ta nínú àwọn ọkọ̀ wọn tó tóbi jù: Sea, Sky àti Star. Ilé oúnjẹ suite wọn ń jẹ́ Coastal Kitchen. Àwọn tó wà ní Sky àti Star lè jẹ gbogbo oúnjẹ ọjọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ alẹ́ nìkan ni àwọn tó wà ní Sea lè wá jẹ. Àwọn tó wà ní Star tún ní ẹni kan tó ń bá wọn ṣètò gbogbo nǹkan, títí kan tábìlì ní àwọn ilé oúnjẹ mìíràn tí àwọn yòókù ń san owó lọ́tọ̀ kí wọ́n tó wọ̀.

Ohun kan ṣọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ẹni tó máa ń sọ ọ̀rọ̀ ipò kìíní mọ́. Káàdì tí èrò fi ń ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀ náà ló ń sọ ẹni tí í ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ. Orúkọ ti yí padà, iṣẹ́ tí ìyàsọ́tọ̀ náà ń ṣe kò yí padà.

4.0 Kí Ni Èrò Ń Sanwó Fún Gan-an?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò ni pé oúnjẹ ibẹ̀ ló yàtọ̀, pé ẹran àwọn olówó kì í ṣe ẹran àwọn yòókù. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èyí: edé ńlá tàbí ẹja àràmàǹdà lè pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wo bí iṣẹ́ ilé ìdáná ṣe ń lọ, a ó rí i pé nǹkan mẹ́ta mìíràn ló ṣe pàtàkì ju oúnjẹ náà lọ.

Èkíní ni àkókò. Nínú gbọ̀ngàn tó gba ènìyàn 1,000, gbogbo wọn á jókòó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ ní nǹkan bí àkókò kan náà. Kò sí ilé ìdáná tó lè bẹ̀rẹ̀ sísè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà náà. Àwọn alásè á ti sè púpọ̀ sílẹ̀, á wà lórí ooru, á ku kí wọ́n bù ú sínú àwo. Ohun tí a mọ̀ níbi àsè ìgbéyàwó wa náà nìyẹn: ẹni tó bá se ìrẹsì fún igba tábìlì kò lè máa dá tẹnìkọ̀ọ̀kan dín. Ní ilé oúnjẹ tó gba bí igba ènìyàn, tí wọ́n sì ń wá ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta láàárín wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, alásè lè dúró kí a béèrè kó tó gbé ìkòkò ka iná. Èrò á gbà pé oúnjẹ náà dùn ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹja kan náà ni, ohun tó yàtọ̀ ni pé èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná.

Èkejì ni ìdánimọ̀. Sítíwọ́ọ̀dù tó ń bójú tó tábìlì díẹ̀, tó sì ń rí àwọn ojú kan náà lójoojúmọ́, yóò tètè mọ orúkọ wọn. Ní ọjọ́ kejì, ó ti mọ ẹni tí kì í jẹ ata, ẹni tí ẹ̀pà lè pa lára, àti ẹni tó fẹ́ kí tíì rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ kó tó jókòó. Kò sí idán níbẹ̀. Iye ènìyàn tí òṣìṣẹ́ kan ń tọ́jú ló dín kù.

Ẹ̀kẹta ni ìyàsọ́tọ̀. Ilẹ̀kùn tí kì í ṣí fún gbogbo ènìyàn ní iye tirẹ̀. Ó ń mú ìdákẹ́jẹ́ wá, ó sì ń sọ fún ẹni tó wọlé pé òun ju ẹlòmíràn lọ. Àṣà yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ọba nílẹ̀ Yorùbá kì í jẹun ní gbangba. Ní àpérò bí irú èyí tí a wà yìí pàápàá, tábìlì kan máa ń wà níwájú tí omi orí rẹ̀ tutù ju ti ẹ̀yìn lọ. Ohun tó yàtọ̀ ni pé oyè tàbí ọjọ́ orí ni tiwa sábà máa ń tẹ̀lé, ṣùgbọ́n owó nìkan ni ti inú ọkọ̀. Ẹni tó wà ní Queens Grill lónìí lè wà ní Britannia lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ìgbàlejò ni pé ètò ló ń bí ìtọ́jú tó dára. Bí ènìyàn bá fẹ́ kí oúnjẹ gbóná, kó dín iye àwo tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan kù. Bí ó bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ àlejò, kó má ṣe fún un ní àlejò tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ̀rín ẹnu òṣìṣẹ́ kò lè dí àlàfo tí ètò tí kò dára bá fi sílẹ̀.

5.0 Ohun Tí Kò Gbọdọ̀ Ní Ipò

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òwe yìí kò sọ pé kí àgbà má jẹ ẹran tó tóbi. Ohun tó sọ ni pé kó rántí pé àwọn kan wà lẹ́yìn òun tí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ. Òkun ti kọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ní ẹ̀kọ́ yìí, ó sì ná wọn ní ẹ̀mí.

Nígbà tí Titanic rì ní òwúrọ̀ ọjọ́ 15, oṣù Kẹrin, 1912, bí ènìyàn 2,200 ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àyè inú àwọn ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà rẹ̀ kò ju 1,178 lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún èrò ipò kìíní, bí 62 ló yè. Nínú ọgọ́rùn-ún èrò ipò kẹta, bí 25 ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ Gatti lé ní ọgọ́ta. Mẹ́ta péré ló yè nínú wọn, Gatti fúnra rẹ̀ kò sì sí nínú àwọn mẹ́ta náà. Àwọn tó gbé oúnjẹ tó dára jù nínú ọkọ̀ náà fún àwọn èrò wà lára àwọn tó pàdánù jù. Ní 1914, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní London, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé àkọ́kọ́ lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, tí a mọ̀ sí SOLAS. Kókó rẹ̀ ni pé kí àyè ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà kárí gbogbo ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀. Lónìí, èrò suite àti èrò yàrá aláìnífèrèsé ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ ohun tí wọn yóò ṣe bí ewu bá dé. Láti 2015, kí ọkọ̀ tó gbéra tàbí kété tó bá gbéra ni èyí gbọ́dọ̀ wáyé. Owó kò lè ra àìlọ.

Bákan náà ni ìmọ́tótó rí. Àjọ CDC ti ìjọba Amẹ́ríkà ní ètò kan láti àwọn ọdún 1970 tí wọ́n fi ń yẹ àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń dé èbúté wọn wò. Wọn kì í sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀. Máàkì 100 ni wọ́n ń fún ọkọ̀. Èyí tó bá gba 85 tàbí tó kéré sí i kò yege, wọ́n sì ń gbé èsì náà jáde fún gbogbo ayé. Oúnjẹ gbígbóná kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n 57 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tó yẹ kó tutù kò gbọdọ̀ ju 5 lọ. Ìwọ̀n yìí kan ilé ìdáná Queens Grill, ó sì kan ilé ìdáná àwọn òṣìṣẹ́. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò ṣòro. Kòkòrò àrùn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti èébì nínú ọkọ̀ kì í wo káàdì yàrá kó tó wọlé. Bí ìmọ́tótó bá kù díẹ̀ káàtó nísàlẹ̀, ẹni òkè kò ní bọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà ńkọ́? Àdéhùn àgbáyé lórí iṣẹ́ ojú òkun tí wọ́n ṣe ní 2006, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013, sọ pé ọ̀fẹ́ ni oúnjẹ òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tó, kó ṣara lóore, kó sì bá ẹ̀sìn àti àṣà wọn mu. Ó tún sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ jẹ́ alásè ọkọ̀, àti pé alásè gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ yanjú. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ oúnjẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí, kí wọ́n lè sọ ẹ̀tọ́ ọmọ náà fún un kó tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ kankan.

A wá lè fa ìlà kan. Ní apá kan ni ohun tí owó lè yà sọ́tọ̀: àyè ìjókòó, àkókò, iye òṣìṣẹ́, irú ẹja, irú àwo. Ní apá kejì ni ohun tí owó kò gbọdọ̀ yà sọ́tọ̀: omi tó mọ́, ọwọ́ tó mọ́, oúnjẹ tó jinná, ọ̀nà àbáyọ nígbà ewu, àti ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí ọmọ ènìyàn.

6.0 Lílò Rẹ̀ Nínú Kíláàsì

Ìlà yìí wúlò nínú kíláàsì. Olùkọ́ lè pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, kó sì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ yìí: ẹ̀yin lẹ ó se oúnjẹ ọ̀sán fún ogójì àlejò, mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ àlejò pàtàkì, ilé ìdáná kan lẹ ní, ènìyàn mẹ́fà ló sì ń gbé oúnjẹ. Kí wọ́n ya tábìlì alápá méjì sínú ìwé. Ní apá kìíní, kí wọ́n kọ ohun tí wọn yóò ṣe lọ́tọ̀ fún àwọn mẹ́jọ. Ní apá kejì, kí wọ́n kọ ohun tí kò gbọdọ̀ yàtọ̀ fún àwọn ogójì. Lẹ́yìn náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ka tirẹ̀, kí àwọn yòókù sì bi wọ́n léèrè. Ìbéèrè tó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ ni èyí: bí o bá fi òṣìṣẹ́ mẹ́ta ti àwọn mẹ́jọ, ta ni yóò tọ́jú àwọn méjìlélọ́gbọ̀n tó kù, ìgbà wo sì ni oúnjẹ wọn yóò dé ọ̀dọ̀ wọn? Ìṣirò wà níbẹ̀, ètò wà níbẹ̀, ìwà ọmọlúàbí náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà kò dúró sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń kọ́ yóò ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé abọ́ olùkọ́ mọ́, tí abọ́ ọmọ kò mọ́. Tí omi ọ́fíìsì jẹ́ èyí tí a sè, tí ti kíláàsì sì wá láti inú garawa tí kò ní ìdérí, a ti gbé ìyàtọ̀ kọjá ìlà. Ọmọ kò sanwó fún suite, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tọ́ sí ohun tó wà ní apá kejì ìlà náà.

7.0 Ìkádìí àti Àbá

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ṣàlàyé pé ilé oúnjẹ àwọn èrò suite kì í ṣe nǹkan tuntun. Ó ti wà láti 1905, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nígbà tí ọkọ̀ di ti ìgbafẹ́, ó sì padà wá nígbà tí ọkọ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ fún ìdákẹ́jẹ́. A fi hàn pé àkókò, ìdánimọ̀ àti ìyàsọ́tọ̀ ni èrò ń rà níbẹ̀ ju oúnjẹ lọ. A sì fi ìlà sáàárín ohun tí owó lè yà sọ́tọ̀ àti ohun tí kò gbọdọ̀ yà sọ́tọ̀.

Àbá mẹ́ta ni a mú wá. Kí àwọn ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ oúnjẹ àti ìgbàlejò ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa fi ẹ̀kọ́ nípa ètò iṣẹ́ ilé ìdáná àti iye òṣìṣẹ́ kún ẹ̀kọ́ nípa sísè. Kí wọ́n máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwọ̀n ìgbóná àti ìtutù oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí ohun tó kan gbogbo abọ́, láìwo ojú ẹni tó ni abọ́. Kí àwọn alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ sì wo ibi tí àwọn ọmọ ti ń jẹun, kí wọ́n bi ara wọn bóyá àwọn fúnra wọn lè jókòó síbẹ̀ jẹun. Bí ìdáhùn náà bá jẹ́ rárá, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ láti ṣe nìyẹn.